Ọmọrí Àwo Akweley

“Ó jù ú sínú òkun! Mo ní ọkọ ẹ ju ọmọrí àwo ẹ sínú òkun! Àbí etí ẹ ti di ni?”

Akuorkor ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láàárín àgbàlá, níṣojú gbogbo obìnrin ilé. Ó gbé àwo tánganran aláwọ̀ búlúù kalẹ̀ gbàà síwájú Akweley, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì. Àwo ti ṣófo, kò sì ní ọmọrí mọ́.

Akweley kò dìde lórí àpótí. Ó ń fi háríhá àgbàdo wé kẹ́nkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó ti wú wà nínú omi gbígbóná.

“Kí ni mo ṣe fún un, Akuorkor? Ṣé iyọ̀ ló pọ̀ jù ni?”

“Èmi ni mo fẹ́ ẹ ni? Ó jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní bí o bá fẹ́ràn ara ẹ, o ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilé ọkùnrin. Ó wá mú ọmọrí, ó sọ ọ́ sómi. Bí mo bá purọ́, kí Nai tó ni òkun pè mí lórúkọ!”

Adoley, ará yàrá kejì tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, gbójú sókè láti ìdí ààrò. “Ọmọrí nìkan ló jù? Kò ṣe kúkú ju ìwọ náà mọ́ ọn?”

“Ìyá ẹ ni yóò jù! Alátẹnujẹ! Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?”

“Ó tó,” ni Akweley wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó. Ó ti rẹ̀ mí.”

Ha, ẹnu ọmọ aráyé! Ẹ gbọ́ ẹni tó ń fi òkun búra létí òkun! Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Akuorkor kò tilẹ̀ tó ọdún kan.

Ọdún ìyàn ni ọdún tí mò ń wí yìí. Ọdún tí wọ́n kó àwa àjèjì tí a wà l'Ékòó sínú ọkọ̀ padà wálé ni, tí òjò kọ̀, tí iná jó oko, tí egungun ọrùn gbogbo ará Bukom, àdúgbò wa, yọ síta. Ilé obìnrin tí Akweley ń gbé ti gbó, bó ṣe rẹ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, gọ́tà iwájú rẹ̀ kò ṣàn mọ́, èèyàn sì pọ̀ níbẹ̀ ju yàrá lọ. Síbẹ̀, bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, gbogbo ẹni tó ní ọkọ á bu oúnjẹ, á sì gbé e ránṣẹ́ sí ilé ọkùnrin létí òkun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayébáyé nìyẹn: ọkọ lọ́tọ̀, aya lọ́tọ̀, àwo oúnjẹ ló ń rìn láàárín wọn. Bí ọkọ bá fẹ́ kí aya wá sùn, ẹni tó gbé àwo ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Ìyàwó tí wọn ò pè tó dìde lọ, yẹ̀yẹ́ ọdún kan ló fà lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin tó bá sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé obìnrin pé òun ò rí oúnjẹ, nínú ọdún ìyàn! Ó sàn kó wọ inú òkun lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé àwo ló di ilé onílé mú lọ́wọ́.

Dede, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Akweley bí, ló ń gbé àwo tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Dede bá ọkọ lọ sí Abidjan, tí iná kẹ́nkè sì ti ba ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ jẹ́, Akuorkor ní, “Jókòó jẹ́ẹ́. Èmi á máa bá ẹ gbé e lọ. Kí ni ìbejì wà fún?” Akweley sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò mọ̀ pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Odartey ọkọ rẹ̀ jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ọkọ̀ àwọn apẹja ló ń tún ṣe. Kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan. Kì í jẹ orí ẹja. Láti ogún ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, orí ẹja ló máa ń fi sínú àwo padà fún ìyàwó rẹ̀. Bí àwo bá sì dé, Akweley á la orí ẹja náà sí méjì, á fún Akuorkor ní ìdajì. Kò sí ohun tó wọ ẹnu Akweley láti kékeré tí kò là sí méjì.

Láti ìgbà tí òjò ti kọ̀ ni orí ẹja kò ti padà wá mọ́. Iṣẹ́ burúkú ló ń bá àwo dé. Lónìí, Odartey ní ọbẹ̀ ń rùn. Lọ́la, Odartey ní kò sí àyè fún un láti wá sùn. Lọ́tùnla, Odartey ní obìnrin tó ń rùn fún èéfín bíi tirẹ̀, kí ni ọkùnrin fẹ́ fi ṣe? Akweley á gbọ́, á mí kanlẹ̀, á sì tún tọwọ́ bọ àgbàdo. Ó ń wá akàn lọ́nàkọnà kí ọbẹ̀ ọkọ rẹ̀ lè dùn. Òun fúnra rẹ̀ ń fi ata àti iyọ̀ lásán jẹ kẹ́nkè.

“Dìde lọ bá a!” Adoley sọ fún un títí ó fi sú u. “Lọ bi í léèrè, ṣé ó fẹ́ lé ẹ ni?”

“Kò pè mí.”

“Kò pè ẹ́! Ṣé Ọba ni?”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbìyànjú. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dé ìkángun ọ̀nà tí wọ́n ti ń wo ilé ọkùnrin. Àwọn ọkùnrin tó ń ta ayò lábẹ́ igi gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n ti rí i. Ọ̀kan tutọ́ sílẹ̀.

“Ìyàwó ńlá, ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ni ó wí. “Kẹ́nkè wà fún ará ọjà, kò sí fún ará ilé, àbí?”

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Akweley. Ó ṣáà rí i pé wọ́n ń fi òun rẹ́rìn-ín, ó sì gbà pé nítorí ọkọ ti kọ òun ni. Ojú tì í débi pé ó gbàgbé ìrora ẹsẹ̀. Ó yí padà, ó ń rìn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ní òun ò ní dé ìkángun ọ̀nà náà mọ́ láé. Ká ní ó béèrè pé kí ni wọ́n ń wí ni! Ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan ti sú kì í ní agbára ìbéèrè.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe rí tí Homowo, ọdún tí a fi ń hó lé ebi lórí, fi kù ọ̀la, tí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ àwọn ìbejì, fi pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Naa Ashorkor, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí ilé obìnrin, gbé agbada omi ìbejì jáde sáàárín àgbàlá. Ewé tútù wà nínú rẹ̀, ìwo ẹfọ̀n méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣu tí wọ́n fi epo pupa gún ń bẹ nílẹ̀ pẹ̀lú ẹyin. Nínú ìyàn yẹn, ibi tí màmá náà ti rí ẹyin, kò sẹ́ni tó bi í. Àwọn ará àdúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà. Akuorkor wọ funfun, ó fi ẹfun para, ó ń dán. Akweley náà wọ funfun, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n gbé aṣọ kọ́ sára ògiri ló rí.

Odartey wá wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Aṣọ méjì wà léjìká rẹ̀, oríṣi kan náà, àwọ̀ kan náà. Àwọn obìnrin figbe ta. Aṣọ tuntun, nírú ọdún yìí! Ó na ọ̀kan sí Akuorkor, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ju èkejì sẹ́sẹ̀ Akweley láìwo ojú rẹ̀.

“Gba tìrẹ. Kì í ṣe pé ó tọ́ sí ẹ. Ohun tí a bá fún ìbejì kan la gbọ́dọ̀ fún èkejì. N ò fẹ́ kó dà mọ́ mi lórí.”

Akuorkor ti fò dìde. “Ṣebí mo ní kí ẹ tọ́jú tèmi sílé ọ̀hún! Ta ló ní kí ẹ gbé e wá síbí?”

Ṣùgbọ́n Akweley ti gbójú sókè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù wọ̀nyẹn, ó rí ojú ọkọ rẹ̀ nítòsí.

“Bàbá Dede, kí ni mo ṣe tí aṣọ ò fi tọ́ sí mi? Ẹ ń jẹ oúnjẹ mi lálaalẹ́, ẹ sì ń fi èébú ránṣẹ́ sí mi. Ẹ ní mò ń rùn. Ẹ ju ọmọrí àwo mi sókun. Mo dákẹ́. Kí ló tún kù?”

“Oúnjẹ ta ni?” Odartey bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìkorò. “Ẹ gbọ́ o! Ṣé ìwọ kọ́ lo ní o ò lè fi àgbàdo ọ̀wọ́n bọ́ ọkùnrin tí kò rí ọkọ̀ tún ṣe? Láti ìgbà tí òjò ti kọ̀, ṣé mo fẹnu kan kẹ́nkè ẹ ni? Akuorkor ló ń bọ́ mi! Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ẹ ò bá ti sin mí!”

Ojú gbogbo èèyàn yí sọ́dọ̀ Akuorkor.

“Irọ́ ni!” Akuorkor ké. “Irọ́ ńlá! Ẹ ò mọ ọkùnrin ni? Ó jẹ oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi yó, ó wá ń fi mí bojú! Mo fi Nai búra!”

“Èmi? Èmi ni mo ń purọ́?”

“Ìwọ! Aláìmoore!”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀kan ń lu ti èkejì, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí a lè gbà gbọ́. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, Akuorkor ì bá bọ́ níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn, omijé rẹ̀ sì wà nítòsí. Àní àwọn kan ti ń mi orí sí Odartey.

Ìgbà náà ni Ataa Ayikwei dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá arúgbó ni Ayikwei, àwọ̀n ló ń tún ṣe lábẹ́ igi àgbọn létí òkun, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó ń fọ̀pá wá ọ̀nà, ó di nǹkan kan mọ́ àyà nínú àkísà àwọ̀n.

“Akuorkor dà? Ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ ìbejì lòní, mo ní ìre tí mo fẹ́ ṣe fún un.”

“Bàbá, ẹ máa lọ sílé!” Akuorkor sáré pàdé rẹ̀. “Ẹ lọ, mò ń bọ̀ wá bá yín!”

“Ẹ fi í sílẹ̀ kó sọ̀rọ̀,” ni Naa Ashorkor wí.

“Ìyá, mo ní láti sọ ọ́. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé àánú ìkọ̀kọ̀ ni Ọlọ́run ń gbọ́. Ṣùgbọ́n inú mi á bẹ́ tí n ò bá sọ ọ́ lónìí! Ìyàn yìí ì bá ti gbé mi lọ. Alaalẹ́ ni ọmọ yìí ń bu oúnjẹ rẹ̀ fún mi lábẹ́ igi àgbọn. Ọbẹ̀ akàn! Kẹ́nkè tó kan dáadáa! Àwọn ọmọ tí mo bí ò rántí mi, òun ló rántí mi. Akuorkor, kí ọwọ́ ẹ má gbẹ. O tilẹ̀ gbàgbé ọmọrí àwo ẹ lọ́dọ̀ mi níjọ́sí. Mo ti fi iyanrìn fọ̀ ọ́ fún ẹ.”

Ó tú àkísà àwọ̀n náà. Ọmọrí tánganran aláwọ̀ búlúù yọ, ó ń kọ mànà.

“Yéè!” Adoley lu ọwọ́ mọ́ra. “Ẹ wá wò ó o! Òkun ti pọ ọmọrí jáde!”

Naa Ashorkor kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ọmọrí náà, ó rọra lọ gbé àwo Akweley láti ìdí ààrò, ó sì fi ọmọrí dé e. Ó dé e pé. Ó wá kọjú sí Odartey.

“Àwo wo lò ń rí lálẹ́?”

“Funfun ni, Ìyá.” Ohùn Odartey ti rẹlẹ̀. “Akuorkor ní ilé èéfín tí wọ́n ti ń yan ẹja lọ́hùn-ún lòun ti ń sè é.”

Àṣé bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Á gbé ọbẹ̀ akàn Akweley jáde, á dà á fún arúgbó lábẹ́ àgbọn, á yà sí ilé èéfín, á sì gbé tirẹ̀ lọ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tó sì ń tẹ̀lé oúnjẹ alẹ́, àgbàlagbà ni yín, ẹ ò ní kí n sọ ọ́. Kò lè da oúnjẹ nù, nítorí nínú ọdún yẹn, òṣìkà pàápàá kò láyà láti da oúnjẹ nù. Oore kan ṣoṣo tó ṣe ló tú u fó.

Ìyá àgbà na ọwọ́ sí agbada. “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bọ̀. Akuorkor, tọwọ́ bọ omi pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ẹ. Sọ fún un pé inú ẹ mọ́ sí i. Bí o bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tán.”

Akweley ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ń dúró. Akuorkor wo omi náà. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ padà. Ìbejì kò sí ní Bukom tó láyà láti fi irọ́ wẹ omi yẹn.

“N ò lè sọ ọ́!” Ó bú sẹ́kún. “Inú mi ò mọ́! Kò mọ́ rí! Láti inú ìyá wa lo ti ń ṣíwájú. Ìwọ lo kọ́kọ́ jáde, wọ́n fi ẹ́ ṣe ẹ̀gbọ́n. Ìwọ ni ìyá fi ìdí ààrò lé lọ́wọ́. Ìwọ ni wọ́n fẹ́, ìwọ lo bímọ. O wá ń la orí ẹja fún mi bí ẹni ń ṣe ológbò lóore! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń sọ pé ohun tí a bá fún ọ̀kan la gbọ́dọ̀ fún èkejì? Ta ló fún mi ní ọkọ? Ẹ dá mi lóhùn! Ta ló fún mi?”

Akweley yọ ọwọ́ kúrò nínú omi.

“Ká ní o sọ fún mi pé ó ń dùn ẹ́,” ó wí jẹ́ẹ́, “à bá jọ sunkún. Wọn ò fún ẹ ní èyí, Akuorkor. O jí i ni.”

Akuorkor gbé aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó sá. Àwọn èèyàn là fún un, wọ́n sì hó lé e lórí láti ẹnu ọ̀nà dé òpin òpópó. Ariwo Homowo tó yẹ kí wọ́n fi hó lé ebi lórí, Akuorkor ni wọ́n fi dán an wò. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Naa Ashorkor kó ẹní àti odó rẹ̀ síta. Kò sí ilé obìnrin tó gbà á ní gbogbo Bukom, nítorí ta ni yóò gbé àwo lé irú rẹ̀ lọ́wọ́? Wọ́n ní Ashaiman lọ́nà jíjìn ló fìdí sí, pé ojú títì ló ti ń ra oúnjẹ jẹ. Ataa Ayikwei nìkan ló ń sunkún. Bàbá náà kò mọ ohun tí òun ṣe.

Odartey ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

“Ìyá Dede, mo bẹ̀ ẹ́. Ó tàn mí ni. Ojú mi ló fọ́.”

“Ẹ dìde. Ẹ̀ ń ba aṣọ jẹ́.” Akweley jókòó sórí àpótí rẹ̀. “Ogún ọdún lẹ fi jẹ ọbẹ̀ mi. Ẹ ò mọ̀ pé n ò lè fi ebi pa yín? Ká tilẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Orí ẹja tí ẹ máa ń fi sílẹ̀ fún mi, kí lẹ̀ ń fi ṣe?”

Odartey kò lè wo ojú rẹ̀. “Mò ń... mò ń fi í sílẹ̀ fún un. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀.”

Èyí ló dun Akweley ju gbogbo ìyókù lọ. Ó pa ojú dé. Àwọn obìnrin rò pé yóò ṣépè, àwọn mìíràn ti ń múra láti bá a ṣe é. Kò ṣépè. Ó tún tọwọ́ bọ agbada, ó wẹ ojú àti apá rẹ̀ nínú omi ìbejì, ó sì ṣọ́ ọ lò, ó fi ìdajì sílẹ̀ láìmọ̀.

“Mo ṣì jẹ́ ìyàwó yín,” ó wí nígbẹ̀yìn. “Mo máa sè é lọ́la.”

“Olúwa á bù kún ẹ! Ta ni kí n rán wá gbé e?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin fúnra yín. Kò sẹ́ni tó máa gbé àwo mi mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ, ẹ wá gbé e.”

“Ọkùnrin? Kó gbé àwo?” Adoley pàápàá la ẹnu sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Homowo, tí gbogbo àdúgbò ń kí ara wọn kú ọdún, Odartey jáde ní ilé obìnrin pẹ̀lú àwo búlúù lórí. Kpokpoi, oúnjẹ àgbàdo tí a fi ń ṣe ọdún náà, ló wà nínú rẹ̀, ọbẹ̀ ẹyìn sì ń ṣàn sílẹ̀ lápá rẹ̀ nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rù ú. Àwọn tó ń ta ayò dáwọ́ dúró. Ọ̀kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, Naa Ashorkor tó dúró ní ìkángun ọ̀nà wò ó, ọkùnrin náà sì gbé ẹ̀rín mì. Kò sí ọkùnrin tí a rí tó rin ọ̀nà yẹn bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀nà náà sì gùn fún un gan-an.

Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, ó gbé àwo padà wá, ó ti fọ̀ ọ́. Ó gbé e kalẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, ó kí i, ó sì lọ. Kò béèrè bóyá yóò wá sùn, Akweley kò sì sọ ọ́.

Akweley ṣí ọmọrí. Orí ẹja wà níbẹ̀, ó tóbi, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ó mú un, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì wá ibi tó ti máa ń là á. Ó dúró díẹ̀ báyìí, ojú rẹ̀ wà lára ẹnu ọ̀nà yàrá Akuorkor tí kò sẹ́ni níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó na ẹsẹ̀, ó sì jẹ orí ẹja náà tán, òun nìkan.